Dmitri Mendeleev

Dmitri Ivanovich Mendeleev (tí wọ́n bí ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1834, tí ó sì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1907) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì àti olùkọ́ yunifásítì, ọmọ orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà. Òun ni ó gbé tábìlì ìdásìkò àwọn ẹ́límẹ́ǹtì kalẹ̀ ní ọdún 1869, tí ó sì fi òfin tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn: bí a bá to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì ní ẹsẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ìwúwo átọ̀mù wọn, àbùdá wọn a máa padà wá léraléra ní àsìkò tó ní ètò. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti gbìyànjú irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Mendeleev ni ó gba òfin náà gbọ́ débi pé ó fi àlàfo sílẹ̀ nínú tábìlì rẹ̀ fún àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, tí ó sì sọ bí wọn yóò ṣe rí. Mẹ́ta nínú wọn ni àwọn onímọ̀ rí kí ọdún 20 tó pé. Síbẹ̀, títí di òpin ayé rẹ̀, kò fẹ́ gbà pé ohun tó kéré ju átọ̀mù lọ wà nínú átọ̀mù; inú átọ̀mù gan-an ni àwọn tó tẹ̀lé e sì ti rí ìdí tí tábìlì rẹ̀ fi tọ̀nà.

## Ìbí àti ìgbà èwe

Ìlú Tobolsk ní Siberia ni wọ́n ti bí Mendeleev. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí Ivan Pavlovich Mendeleev àti ìyàwó rẹ̀, Maria Dmitrievna, bí. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fọ́ ní ọdún tí wọ́n bí Dmitri, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san fún un kò tó bọ́ ìdílé. Ìyá ni ó wá gbé ẹrù ilé rù: ó gba àbójútó ilé-iṣẹ́ gíláàsì tí ó jẹ́ ti ẹbí rẹ̀ ní abúlé kan nítòsí Tobolsk, ó sì fi èrè rẹ̀ tọ́ àwọn ọmọ.

Ní ọdún 1847 ni bàbá kú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, iná jó ilé-iṣẹ́ gíláàsì náà kanlẹ̀. Ìyá Mendeleev, tí ó ti di opó tí kò ní iṣẹ́, pinnu pé ọmọ ìkẹyìn yìí gbọ́dọ̀ kàwé. Ní ọdún 1849, lẹ́yìn tí Dmitri parí girama, ó kó ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́kù, ó sì bá ọmọ rẹ̀ rin ìrìn-àjò tó ju kìlómítà 2,000 lọ dé Moscow. Yunifásítì ibẹ̀ kò gbà á, nítorí òfin ìgbà náà pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí yunifásítì gẹ́gẹ́ bí agbègbè tí wọ́n ti wá. Wọ́n tún gbéra, wọ́n lọ sí St. Petersburg, olú-ìlú Rọ́ṣíà nígbà náà.

## Ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ní ọdún 1850, Mendeleev wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní St. Petersburg, èyí tí bàbá rẹ̀ náà ti kàwé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, nínú ọdún kan náà, ni ìyá rẹ̀ kú. Ní ọdún 1887, nígbà tí òkìkí Mendeleev ti kàn, ó fi ìwé rẹ̀ lórí àwọn ohun tí ń yọ́ nínú omi ṣe ìrántí ìyá yìí.

Àìsàn kò jẹ́ kí ó gbádùn àwọn ọdún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó ń ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rù pé ẹ̀mí rẹ̀ kò ní gùn. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó jáde ní ọdún 1855 pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ oníwúrà. Wọ́n rán an lọ sí gúúsù, níbi tí ojú-ọjọ́ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ó ṣe é ní Simferopol àti ní Odessa. Ara rẹ̀ yá níbẹ̀, ó sì padà sí St. Petersburg láti gba oyè kejì, kí ó sì máa kọ́ni ní yunifásítì.

## Ìmọ̀ nípa átọ̀mù nígbà náà

Kí a tó lè mọ ohun tí Mendeleev ṣe, ó yẹ kí a mọ ibi tí ìmọ̀ nípa átọ̀mù dé nígbà tí ó ń kàwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, John Dalton, olùkọ́ kan ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ́ àwọn ènìyàn pé àwọn átọ̀mù ló para pọ̀ di ohun gbogbo, pé gbogbo átọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì kan dọ́gba ní ìwúwo, àti pé ìwúwo átọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Kò sí ẹni tó lè gbé átọ̀mù ẹyọ kan lé orí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, wọ́n fi ìwúwo háídrójìn ṣe 1, wọ́n sì ń fi àwọn yòókù wé e.

Ìṣòro kan wà nínú ọ̀nà yìí. Nínú omi, ọ́síjìn wúwo ju háídrójìn lọ ní ìlọ́po 8. Bí omi bá jẹ́ átọ̀mù háídrójìn kan pẹ̀lú átọ̀mù ọ́síjìn kan, a jẹ́ pé ìwúwo ọ́síjìn jẹ́ 8. Bí ó bá jẹ́ háídrójìn méjì pẹ̀lú ọ́síjìn kan, a jẹ́ pé ó jẹ́ 16. Àwọn onímọ̀ kan ń lo ti àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ń lo ti èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì ní ẹsẹẹsẹ kò lè rí ìdí òkodoro, nítorí pé nọ́mbà tí yóò fi tò wọ́n kò dúró sójú kan.

Ìjọba Rọ́ṣíà rán Mendeleev lọ kàwé sí i ní òkè òkun ní ọdún 1859. Ó gbé ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì ya yàrá kan nínú ilé tí ó ń gbé sọ́tọ̀ fún ìwádìí ara rẹ̀. Ní ọdún 1860 ó ṣàlàyé pé olómi kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru kan tí ó jẹ́ pé, bí a bá kọjá rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè tẹ gáàsì rẹ̀ tó tí yóò fi padà di olómi. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó lọ sí ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní Karlsruhe, níbi tí àwọn tó ju 100 lọ ti péjọ láti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ átọ̀mù. Stanislao Cannizzaro, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó gbé àlàyé tó yanjú ọ̀rọ̀ náà wá, nípa lílo èrò tí Amedeo Avogadro ti sọ ní ọdún 1811 tí àwọn ènìyàn kò kà sí. Láti ìgbà náà ni nọ́mbà kan ṣoṣo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀ fún ìwúwo átọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Mendeleev kó ẹ̀kọ́ yìí padà lọ sílé.

## Ìṣẹ̀dá tábìlì ìdásìkò

Nígbà tí Mendeleev padà sí Rọ́ṣíà ní ọdún 1861, ó kọ ìwé lórí kẹ́místrì àwọn ohun oníkábọ́nù, ìwé náà sì gba Ẹ̀bùn Demidov. Ó gba oyè dókítà ní ọdún 1865, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì St. Petersburg. Ní ọdún 1867, wọ́n fà á lé e lọ́wọ́ láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní gbogbo ìpìlẹ̀ kẹ́místrì. Kò rí ìwé kan ní èdè Rọ́ṣíà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún iṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀, èyí tí ó pè ní Osnovy Khimii, ìyẹn Àwọn Ìpìlẹ̀ Kẹ́místrì. Inú wàhálà olùkọ́ tó ń kọ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ ni tábìlì ìdásìkò ti jáde.

Ẹ́límẹ́ǹtì 63 ni àwọn onímọ̀ mọ̀ nígbà náà. Bí ó bá kọ nípa wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ètò, ìwé náà yóò kàn jẹ́ àkójọ ohun tí a ń há sórí. Ní ìparí apá kìn-ín-ní, ó ti kọ nípa chlorine, bromine àti iodine. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, ó kọ nípa sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti àwọn ẹbí wọn. Ìbéèrè tó dojú kọ ọ́ ni pé: ẹbí wo ló yẹ kí ó tẹ̀lé wọn, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ó fi àwọn ẹbí méjèèjì wé ara wọn nípa ìwúwo átọ̀mù. Chlorine jẹ́ 35.5, pòtásíọ̀mù jẹ́ 39. Bromine jẹ́ 80, rubidium jẹ́ 85. Iodine jẹ́ 127, caesium jẹ́ 133. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gáàsì tàbí ohun olóró tí ń fi agbára wá ẹ̀lòmíràn mọ́ra dúró sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tàlì rírọ̀ tí ń jó nínú omi, àlàfo àárín wọn sì kéré. Ẹbí méjì tí ìwà wọn jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ayé wá di aládùúgbò nípa nọ́mbà. Láti ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ìwúwo átọ̀mù ni òkùn tí a lè fi so gbogbo wọn pọ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1869 ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Rọ́ṣíà, ìyẹn ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ní kàlẹ́ńdà tí a ń lò lónìí, ni ó ṣe tábìlì náà. Ó ti yẹ kí ó rìnrìn-àjò lọ bẹ ilé-iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì wò. Ẹ̀yìn lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i nítorí ìrìn-àjò yìí ni ó kọ́kọ́ kọ àwọn nọ́mbà sí tí ó ń fi wọ́n wé ara wọn. Ìtàn kan gbayé pé ojú àlá ni ó ti rí tábìlì náà lódindi. Àwọn ìwé tí ó kọ lọ́wọ́, tí ó ṣì wà dòní, fi hàn pé ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó sì ṣí àwọn ẹ́límẹ́ǹtì nípò kí ètò náà tó dúró. Wọ́n tẹ tábìlì náà sórí ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì. Nínú oṣù tó tẹ̀lé e, Nikolai Menshutkin, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, bá a ka ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà níwájú Ẹgbẹ́ Kẹ́místrì Rọ́ṣíà.

### Bí òfin ìdásìkò ṣe rí

A lè fi ìṣirò ọjọ́ ọjà Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ òfin yìí. Ọjà ọrún ni ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, tí a bá ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà náà kẹ́yìn lè sọ ọjọ́ tí wọn yóò tún ná an láìjẹ́ pé ó dé ibẹ̀. Bákan náà, bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí lithium nínú àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n mọ̀ ní ọdún 1869, tí a ka lithium fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ìkẹjọ ni sódíọ̀mù, tí ó jọ ọ́. Bí a bá tún kà láti orí sódíọ̀mù, ìkẹjọ ni pòtásíọ̀mù, tí ó jọ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn pòtásíọ̀mù, àsìkò náà gùn sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ mẹ́tàlì bí irin àti bàbà wọ àárín. Ẹni tó bá fi dandan lé e pé ìkẹjọ ni yóò máa jẹ́ títí láé yóò kó ohun tí kò jọra pọ̀. Mendeleev gbà kí ìlà kan gùn ju òmíràn lọ, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí tirẹ̀ dúró.

## Àwọn àlàfo inú tábìlì náà

Nígbà tí òfin àti ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ bá takora, Mendeleev a máa gbè sẹ́yìn òfin. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìwúwo átọ̀mù beryllium jẹ́ 14. Ní 14, kò sí àyè fún un. Mendeleev sọ pé 9 ni, ó sì fi í sí òkè magnesium. Ìwádìí àwọn ẹlòmíràn fi hàn lẹ́yìn náà pé òótọ́ ni. Ó sọ ìwúwo uranium di 240 láti 120, ó sì gbé indium lọ sí nǹkan bí 113.

Ìgboyà rẹ̀ tó ga jù wà nínú àwọn àlàfo. Nínú tábìlì ọdún 1869, ó fi àmì ìbéèrè sí àwọn ibi kan, ó sì kọ ìwúwo tí ó ń retí síbẹ̀: 45, 68, 70 àti 180. Ní ọdún 1871 ó kọ àlàyé kíkún lórí mẹ́ta nínú àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí kò tíì sí ẹni tó rí. Ó pè wọ́n ní eka-aluminium, eka-boron àti eka-silicon; ìtumọ̀ eka ní èdè Sanskrit ni ení, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò kàn lẹ́yìn ẹni tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀nà tí ó gbà rọrùn láti lóye: ó wo àwọn tó wà lókè, nísàlẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì àlàfo náà, ó sì fi àbùdá wọn díwọ̀n ti ẹni tí yóò jókòó sí àárín wọn.

Ní ọdún 1875, Paul-Émile Lecoq de Boisbaudran, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ẹ́límẹ́ǹtì tuntun kan nípa àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì pè é ní gallium. Mendeleev kéde pé eka-aluminium òun ni. Lecoq wọn bí ó ti ki tó, ó rí 4.7 gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan. Mendeleev, tí kò rí gallium rí, sọ pé ìwọ̀n náà kò tọ̀nà, pé nǹkan bí 5.9 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Lecoq tún gallium rẹ̀ fọ̀ mọ́, ó tún un wọ̀n, ó sì rí 5.9. Ọkùnrin tó wà ní St. Petersburg mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Faransé ju ẹni tó dì í mú lọ. Gallium a máa yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 sẹ́ńtígíréèdì. Ní ìlú tí ooru rẹ̀ pọ̀ bí Èkó, ó lè di olómi lórí tábìlì ní ọ̀sán gangan.

Ní ọdún 1879, Lars Fredrik Nilson ní Swídìn rí scandium, tí ó jẹ́ eka-boron. Ní ọdún 1886, Clemens Winkler ní Jámánì rí germanium, tí ó jẹ́ eka-silicon. Ti germanium ni ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù:

- Ìwúwo átọ̀mù: Mendeleev sọ pé 72, a mọ̀ ọ́n sí 72.6.
- Bí ó ti ki tó: Mendeleev sọ pé 5.5, ó jẹ́ nǹkan bí 5.3.
- Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú chlorine: Mendeleev sọ pé olómi ni yóò jẹ́, tí yóò máa hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 100, tí kíkí rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1.9, ó ń hó ní nǹkan bí 86, kíkí rẹ̀ sì sún mọ́ 1.9.

Lẹ́yìn èyí, àwọn tó ń pe tábìlì náà ní eré nọ́mbà dákẹ́.

## Àwọn tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti ní ìgbà rẹ̀

Mendeleev kọ́ ló kọ́kọ́ ronú nípa ètò yìí. Alexandre-Émile Béguyer de Chancourtois ní Faransé gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1862. John Newlands ní Lọ́ńdọ̀nù kíyè sí ìbáradọ́gba ìkẹjọ ìkẹjọ láàárín ọdún 1864 àti 1865, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Lothar Meyer ní Jámánì tẹ tábìlì tó pé ju ti àwọn wọ̀nyí lọ jáde ní ọdún 1870, ó sì fi àwòrán hàn bí ààyè tí átọ̀mù ń gbà ṣe ń ga tí ó sì ń rẹlẹ̀ ní ìdásìkò. Ní ọdún 1882, Ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù fún Mendeleev àti Meyer ní àmì-ẹ̀yẹ Davy papọ̀. Newlands náà gba tirẹ̀ ní ọdún 1887. Ohun tó yà Mendeleev sọ́tọ̀ ni pé ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ohun tí ó lè já sí irọ́ níwájú gbogbo ayé.

## Àwọn ibi tí òye rẹ̀ kò dé

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Mendeleev sọ ṣáájú ló ṣẹ. Àwọn ẹ́límẹ́ǹtì kan tí ó retí kò sí rárá. Ìṣòro tí kò tíì yanjú nínú ètò rẹ̀ ni ti tellurium àti iodine. Nípa ìwúwo, iodine ló yẹ kí ó ṣáájú, nítorí pé ó jẹ́ 126.9, tí tellurium sì jẹ́ 127.6. Nípa ìwà, tellurium ló yẹ kí ó ṣáájú. Mendeleev tẹ̀lé ìwà, ó sì fi í sí ibi tó tọ́, ṣùgbọ́n ó sọ pé àwọn tó wọn tellurium ló ṣìṣe. Wọn kò ṣìṣe.

Nígbà tí Lord Rayleigh àti William Ramsay kéde argon ní ọdún 1894, Mendeleev rò pé bóyá irú nítrójìn kan tó ní átọ̀mù mẹ́ta ni. Kò sí àyè fún gáàsì tí kì í bá ẹnikẹ́ni da pọ̀ nínú tábìlì rẹ̀. Bí Ramsay ṣe ń rí àwọn ẹbí argon mìíràn, ó hàn pé odidi ọ̀wọ́ kan ni wọ́n, Mendeleev sì gbà wọ́n wọlé nígbà tó yá. Dípò kí wọ́n ba tábìlì náà jẹ́, wọ́n pé e.

Èyí tí kò gbà rárá ni ọ̀rọ̀ inú átọ̀mù. Henri Becquerel ti rí ìtànṣán uranium ní ọdún 1896, J. J. Thomson sì kéde ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù ní ọdún 1897. Ìròyìn wá ń tàn pé ẹ́límẹ́ǹtì kan lè yí padà di òmíràn. Lójú Mendeleev, bí átọ̀mù bá lè fọ́ tàbí kí ó yí padà, gbogbo ohun tí òun kọ́ lé orí ìyàtọ̀ ayérayé láàárín ẹ́límẹ́ǹtì yóò wó. Ó gbìyànjú láti fi ẹ́límẹ́ǹtì kan tó fúyẹ́ ju háídrójìn lọ ṣàlàyé ìtànṣán náà. Àlàyé yìí kò dúró.

## Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn

Mendeleev kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú yàrá ìwádìí nìkan. Ó lọ wo àwọn kànga epo rọ̀bì ní Baku ní ọdún 1863, ó sì lọ wo ti Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1876, láti mọ bí Rọ́ṣíà ṣe lè jèrè epo tirẹ̀. Ó ń dán ajílẹ̀ wò lórí oko rẹ̀ ní Boblovo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1887, nígbà tí òṣùpá fẹ́ bo òòrùn mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fi bàlúùnù ńlá kan gòkè láti wò ó nítòsí ìlú Klin. Òjò ti mú kí bàlúùnù náà wúwo débi tí kò lè gbé ènìyàn méjì. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Mendeleev, tí kò wa bàlúùnù rí, sì dá gòkè ju kìlómítà 3 lọ, ó sì sọ̀ láyọ̀.

Láti ọdún 1893 títí ó fi kú, òun ni ó darí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òṣùwọ̀n ní Rọ́ṣíà, ó sì kópa nínú bí òfin ọdún 1899 ṣe gba àwọn ènìyàn láyè láti máa lo mítà àti kìlógíráàmù. Ìtàn tó gbilẹ̀ pé òun ló pinnu agbára ọtí vodka ní Rọ́ṣíà kì í ṣe òótọ́. Lóòótọ́ ni ìwé oyè dókítà rẹ̀ dá lórí pípo álíkọ́hòlù mọ́ omi, ṣùgbọ́n òfin ìjọba lórí agbára ọtí náà ti wà láti ọdún 1843, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé.

## Ìdílé rẹ̀ àti ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláṣẹ

Ó fẹ́ Feozva Leshcheva ní ọdún 1862. Ìgbéyàwó náà tú ká, ó sì fẹ́ Anna Popova ní ọdún 1882. Lyubov, ọmọbìnrin tí Anna bí fún un, ni ó wá di ìyàwó akéwì Alexander Blok.

Ní ọdún 1880, Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Rọ́ṣíà kọ̀ láti yàn án ní ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, èyí tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1890, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ṣe ìwọ́de, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn tọ mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ lọ. Ó mú un lọ. Mínísítà dá ìwé náà padà fún un, Mendeleev sì kọ̀wé fi yunifásítì sílẹ̀.

Royal Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley ní ọdún 1905. Ní ọdún 1906, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ orúkọ wò fún Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì dábàá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Swídìn fi ẹ̀bùn náà fún Henri Moissan. Ọ̀fìnkìn líle ló pa Mendeleev ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1907 ní St. Petersburg. Ibi ìsìnkú Volkovo ni wọ́n sin ín sí.

## Ohun tó wà nínú átọ̀mù

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, Henry Moseley, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ìtànṣán X láti yẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì wò. Ó rí i pé nọ́mbà kan wà tó ń fi 1 pọ̀ sí i láti ẹ́límẹ́ǹtì kan sí èyí tó tẹ̀lé e. Nọ́mbà átọ̀mù ni, ìyẹn iye prótọ̀nù tó wà ní àárín átọ̀mù. Tellurium jẹ́ 52, iodine sì jẹ́ 53. Ìṣòro tí Mendeleev rò pé àwọn tó ń wọn nǹkan ló dá a sílẹ̀ yanjú pátápátá: ipò tí ó fi wọ́n sí tọ̀nà, ìwúwo wọn náà sì tọ̀nà, ohun tí a fi ń tò wọ́n ló yẹ kó yí padà. Wọ́n pa Moseley lójú ogun ní Gallipoli ní ọdún 1915, ó jẹ́ ọmọ ọdún 27.

Ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù ló ṣàlàyé ìdásìkò náà fúnra rẹ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n wà yí àárín átọ̀mù ká. Lithium ní 2, 1; sódíọ̀mù ní 2, 8, 1; pòtásíọ̀mù ní 2, 8, 8, 1. Ẹyọ kan ló wà ní ìta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó sì wà ní ìta ló ń pinnu bí átọ̀mù ṣe ń bá òmíràn da pọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi jọra, tí wọ́n sì fi wà nínú ọ̀wọ́ kan.

## Tábìlì náà ní Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì ti máa ń pàdé tábìlì ìdásìkò. Ìdánwò WAEC a máa béèrè bí a ṣe ń to ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù àwọn ẹ́límẹ́ǹtì 20 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń há orúkọ wọn sórí bí orin. Ìtàn Mendeleev fi hàn pé nítorí kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa há ohun sórí láìlóye ni ó ṣe ṣẹ̀dá tábìlì náà. Ẹni tó bá mọ ipò ẹ́límẹ́ǹtì kan lè sọ ohun púpọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó rí i.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa. Ní agbègbè Jos, níbi tí wọ́n ti wa tin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, òkúta columbite máa ń bá tin rìn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pèsè rẹ̀ fún ayé jù lọ ní àárín ọ̀rúndún náà. Ní Ìjerò-Èkìtì pẹ̀lú, irú òkúta yìí wà. Niobium àti tantalum ni mẹ́tàlì tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jọra débi pé àwọn onímọ̀ pè wọ́n ní ohun kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Heinrich Rose tó fi ìyàtọ̀ wọn hàn ní ọdún 1844. Nínú tábìlì ìdásìkò, ọ̀kan wà lórí èkejì nínú ọ̀wọ́ kan náà. Bákan náà ni chlorine tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ àti iodine tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀ ọbẹ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kan.

## Ìrántí rẹ̀

Ní ọdún 1955, àwọn onímọ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀dá ẹ́límẹ́ǹtì 101, wọ́n sì pè é ní mendelevium. Ihò ńlá kan lórí òṣùpá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ya ọdún 2019 sọ́tọ̀ fún tábìlì ìdásìkò, nítorí pé ó pé ọdún 150 tí Mendeleev gbé e kalẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì 63 tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti di 118, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àyè tirẹ̀.